Gígé gbòǹgbò kọ́ ló ń pa ewéko inú táǹkì ẹja

“Ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀ o. Ẹ gé e báyìí, kíkú ló máa kú.” Ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ta ewéko omi fún mi sọ nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́ fún odidi ọdún méjì. Ojú oró tí mo fi sójú omi ta gbòǹgbò títí ó fi kan iyanrìn ìsàlẹ̀. Ẹja ò rí ibi gbà kọjá mọ́. Èmi náà jókòó tì í, mò ń wò ó bí ẹni ń wo irùngbọ̀n bàbá àgbà, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kò sóòótọ́ níbẹ̀. Mo rò pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, igi la mọ̀. Ẹni tó bá gé olórí gbòǹgbò igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ó lè pa á lára. Ṣùgbọ́n ojú oró ò ní olórí gbòǹgbò. Ti àgbàdo ni gbòǹgbò tirẹ̀ jọ, wẹ́wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ń yọ láti ìdí kan náà, bí èyí bá gé, òmíràn á jáde. Mọ̀lẹ́bí kókò tí à ń jẹ ni ojú oró, bẹ́ẹ̀ náà ni Anubias, ewéko inú táǹkì tó máa ń di òkúta mú. Àbí ẹ ò rí àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ rí? Kó tó ri ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀, àdá ló fi ń há gbòǹgbò ara rẹ̀ dànù kí kòkòrò má bàa bá a dé oko tuntun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà ló ń so.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ewéko tó rì sínú omi kì í fi gbòǹgbò nìkan jẹun. Ewé rẹ̀ náà ń mu lára ohun tó wà nínú omi. Gbòǹgbò Anubias tó ń jábọ̀ wálẹ̀ yẹn, dídi òkúta mú ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gé ìdajì rẹ̀, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan wá.

Ohun tó ń pani lára ni fífà tu. Mo fi ẹja mẹ́ta kọ́ ọ.

Mo ní Amazon sword kan, ewéko Gúúsù Amẹ́ríkà tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rìn lábẹ́ iyanrìn kiri gbogbo táǹkì. Nígbà tó di pé ó ń yọ jù, mo ní n kò ní gé e, torí ohun tí wọ́n sọ fún mi. Mo di ìdí rẹ̀ mú, mo fà á. Iyanrìn bá a gòkè wá, ìdọ̀tí tó ti sùn sábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bá iyanrìn gòkè, omi dúdú bí àdí, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ gba yàrá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹja mẹ́ta ti léfòó. Ewéko náà wà láyé ní tirẹ̀, ẹja ni ò sí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Mo máa fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gún iyanrìn yí ewéko náà ká, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìdí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń gé etí àkàrà òyìnbó. Gbòǹgbò tó bá kọjá ibẹ̀ á gé, n kì í fà á jáde. Á jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú iyanrìn níbi tó wà. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ ṣí ewéko náà nípò, mo máa ń fi àlùmọ́gàjí ké gbòǹgbò rẹ̀ kù bí ìka méjì kí n tó tún un gbìn. Èyí tó gùn tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kú tó bá dé ibùgbé tuntun bó ti wù kó rí. Tuntun ló máa ta.

Ti ojú oró ò ní wàhálà rárá. Ẹ gbé e sókè, ẹ gé e, ẹ dá a padà. Ẹ sáà kó gbogbo ohun tí ẹ gé kúrò lójú omi kí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi má fà á mì.

Àmọ́ ẹ má gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe nítorí ewéko, nítorí omi ni. Ìgbẹ́ ẹja àti èémí rẹ̀ ló ń di amóníà, májèlé sì ni fún ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbé lára gbòǹgbò wọ̀nyẹn, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ sì ń mu nínú rẹ̀. Ẹ fá a mọ́ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní pẹ́ tí omi á fi rí bí ọbẹ̀ ewédú. Ìdá mẹ́ta kan ni mò ń gé, mo máa ń dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó tún padà wá. Mo sì máa ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́jọ́ náà.

Ẹnì kan á ní òun gé gbòǹgbò Cryptocoryne, ewéko inú táǹkì mìíràn, lóòótọ́, gbogbo ewé rẹ̀ sì yọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo gbà. Bí Cryptocoryne ṣe ń ṣe nìyẹn bí a bá da ibùsùn rẹ̀ rú, bó jẹ́ omi tuntun nìkan náà ló rí. Ìdí rẹ̀ kò kú. Ẹ fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé tuntun á yọ. Àwọn tó kó tiwọn dànù lọ́jọ́ kẹrin ló ń sọ kiri pé gígé ló pa á.

Anubias nìkan ni mo ní ìkìlọ̀ kan lé lórí, ọmọ etí odò gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù náà ni. Ara rẹ̀ tó nà gbalaja bí atalẹ̀, ẹ má ri ìyẹn mọ́ iyanrìn, á jẹrà. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta. Gbòǹgbò rẹ̀ ẹ lè gé bó ṣe wù yín.

Ohun tí ẹ bá gé, ẹ má dà á sí odò tàbí gọ́tà. Ojú oró kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù lè bo adágún. Ìdí ata lẹ́yìnkùlé ni mò ń kó tèmi sí, ata náà sì ń jẹ ẹ́ dáadáa.