Einstein kọ́ ló pa ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn lẹ́nu mọ́

Bí ẹ ò bá tíì ka ìtàn náà lórí WhatsApp, ẹ óò ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan dúró níwájú kíláàsì, ó ní tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló dá ohun gbogbo, a jẹ́ pé Òun náà ló dá ibi. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá nawọ́ sókè: "Sà, ṣé òtútù wà?" Ó ní òtútù ò sí, àìsí ooru là ń pè bẹ́ẹ̀, òkùnkùn ò sí, àìsí ìmọ́lẹ̀ ni, ibi náà, àìsí Ọlọ́run lọ́kàn ènìyàn ni. Ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n wọhò. Orúkọ ọmọ náà? Albert Einstein, tó wá di ìlúmọ̀ọ́ká onímọ̀ físíìsì. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá.

Irọ́ ni. Ẹ wò ó dáadáa: wọn kì í dárúkọ ilé ìwé, wọn kì í dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn kì í sọ ọdún. Ìtàn náà ti ń káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó lẹ orúkọ Einstein mọ́ ọn. "Akẹ́kọ̀ọ́ kan" lásán ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé ibi kì í ṣe ohun tí a dá, pé àìsí ire ni, Augustine tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà ti kọ ọ́ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi wàásù, orúkọ Augustine kò kéré.

Ohun tí Einstein fúnra rẹ̀ sọ ló yẹ ká gbọ́. Ní oṣù kẹrin 1929, Kádínà William O'Connell ti Boston bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, ó ní àìgbàgbọ́ ló bò mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ni rábì kan ní New York, Herbert Goldstein, bá tẹ wáyà sí i: ṣé ẹ gba Ọlọ́run gbọ́? Ó ti san owó èsì ọ̀rọ̀ 50 sílẹ̀. Einstein ò lò ó tán. Ó ní Ọlọ́run tí Spinoza, onímọ̀ ọgbọ́n orí ayé àtijọ́, ṣàlàyé lòun gbà gbọ́, èyí tó ń fi ara rẹ̀ hàn nínú ètò gbogbo ohun tó wà, kì í ṣe Ọlọ́run tó ń dá sí àyànmọ́ àti ìṣe ọmọ aráyé. Ìwé ìròyìn gbé e. Ẹni tó ń wá "mo gbà gbọ́" gbọ́ ìdajì, ó sì kọtí ikún sí ìyókù.

Ti 1940 ló wá le jù. Ní oṣù kẹsàn-án, àpérò kan wáyé ní New York lórí sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ẹ̀sìn. Einstein, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Princeton ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ fún un. Inú àpilẹ̀kọ yẹn ni gbólóhùn tí àwọn oníwàásù fẹ́ràn ti wá: sáyẹ́ǹsì láìsí ẹ̀sìn, arọ ni, ẹ̀sìn láìsí sáyẹ́ǹsì, afọ́jú ni. Inú rẹ̀ kan náà ló ti kọ ọ́ pé ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin méjèèjì lóde òní ni ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run tó ní ìfẹ́ inú bíi tiwa, tó sì ń dá sí ohun tó ń lọ láyé. Ó ní kí àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn gbìyànjú kí wọ́n jọ̀wọ́ ìgbàgbọ́ náà.

Apá yìí ni ìwé ìròyìn dì mú lọ́dún náà, lẹ́tà ìbínú sì ń ya dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ní kó padà sí Jámánì tó ti wá. Jámánì Hitler o, ní 1940, fún ọmọ Júù! Àwa wá gé apá kejì lónìí, a fi ń ṣe àkọlé ìwàásù.

("Ọlọ́run kì í ta tẹ́tẹ́" tí wọ́n tún máa ń fà yọ, àríyànjiyàn físíìsì ni, láti inú lẹ́tà tó kọ sí Max Born, onímọ̀ físíìsì ẹgbẹ́ rẹ̀, ní 1926.)

Àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́run wà náà ò mọ́wọ́ dúró. Lẹ́tà tí Einstein kọ sí Eric Gutkind, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, ní oṣù kìíní 1954 ni wọ́n ń gbé kiri, níbi tó ti ní ọ̀rọ̀ náà Ọlọ́run, àìlera ẹ̀dá ló bí i. Wọ́n ta lẹ́tà yẹn ní New York ní 2018 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.9 dọ́là. Òótọ́ ni lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n Einstein kan náà ló máa ń kọ̀ jálẹ̀ kí wọ́n má pe òun ní aláìgbọlọ́rungbọ́, ó sì ní ohun tó ń bí òun nínú gan-an ni pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ òun gbe ara wọn lẹ́yìn.