Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì sílẹ̀

Ọmọbìnrin kan ló sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí lánàá pé ojú ara òun ò yéé yún òun, ó ti ṣe tẹ́ẹ̀sì, èsì ò sọ nǹkan gidi kan, kíá ni gbogbo àwọn tó jókòó ti dáhùn: tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni! Wọ́n ní ooru tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ sí i lábẹ́, kó lọ ra Flagyl, kó sì máa fi omi gbígbóná àti álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Èyí tó ń yún gan-an tí omi funfun dídì ń bá a jáde, yíìsì tí wọ́n ń pè ní Candida ló sábà máa ń fà á, inú ara wa ló sì ń gbé. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ máa rí i lójú ara ẹnì kan tàbí méjì. Téèyàn bá lo antibáyọ́tíìkì, tó bá lóyún, tàbí tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ìgbà yẹn ló ń ráyè pọ̀ sí i. Trichomonas, kòkòrò míì tó máa ń fa yíyún, ní tiẹ̀, ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri. Ó lè yè fún ìgbà díẹ̀ níbi tó bá lómi, mi ò jiyàn ìyẹn, àmọ́ ìdí àti itan lẹ fi ń jókòó, kì í ṣe ojú ara. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀yìn tẹ́ ẹ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì àjọlò ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ọjọ́ kan wà tẹ́ ò lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni?

Tí lábù bá rí Candida tàbí staph (bakitéríà kan tó máa ń gbé lára awọ), ìyẹn nìkan ò ní kó jẹ́ òun ló ń yún yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbé oògùn mì kí wọ́n tó fi òwú gba nǹkan níbẹ̀, wọ́n lè má rí nǹkan kan. Ní 2002, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ àwọn obìnrin tó fúnra wọn lọ ra oògùn yíìsì wò, bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ní yíìsì lóòótọ́! Tèmi gan-an, lábù kan ní staph ni, òmíràn ní kòkòrò kankan ò hù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ní kí n sùn kí òun fojú ara òun wò ó, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní awọ òde ló pọ́n tó ń bó, inú ò ní nǹkan kan, ó wá bi mí pé kí ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Ọṣẹ olóòórùn ni, pẹ̀lú pádì pẹlẹbẹ tí mò ń lò lójoojúmọ́. Mo fi méjèèjì sílẹ̀, omi lásán àti pátá kọ́tìn, ó sì rọlẹ̀.

Torí náà, tó bá ń padà wá, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì nígbà tó ń yún lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó lo oògùn kankan. Ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà yín. Tí yíìsì bá ń ṣe yín tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ẹ sọ fún dókítà, torí kápúsù kan ò lè tó, ìtọ́jú rẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà, yíìsì míì sì wà tí fluconazole, oògùn yíìsì tí wọ́n sábà máa ń fúnni, ò ràn rárá. Tí èsì ò bá rí nǹkan kan tó ṣì ń yún, ẹ ní kí wọ́n wo awọ ibẹ̀ dáadáa. Tí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń ro yín, tí ibà wà ńbẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ lóyún, ẹ má dúró sílé, ẹ lọ rí dókítà lónìí.