Ká Dorí Ọkọ̀ Kọ Gúúsù Kò Ní Ká Bọ́ Lọ́wọ́ Òtútù

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń wọlé, tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí wọ́n ti lè háyà RV, ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ìdí tó fi wù wọ́n yé mi. Màmá tó ti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ lè se ọbẹ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́, kò ní máa wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri ní ilé epo, àwọn ọmọ á sì rí Amẹ́ríkà láti etíkun dé etíkun. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń gbé ètò ìrìn àjò náà lé ló ń bà mí lẹ́rù. Ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún ara wọn: "Ẹ ò ní rí òtútù kankan. Bó bá ti fẹ́ máa tutù, ẹ ṣáà ti dorí ọkọ̀ kọ gúúsù."

Mi ò sọ pé ẹni tó ń sọ ọ́ ń purọ́ o, ó gbà á gbọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìrìn àjò 4,000 kìlómítà lé orí ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà ìwọ́wé lè bá ara rẹ̀ láàárín yìnyín pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, bí ilẹ̀ ṣe ga tó ló ń pinnu òtútù tí ẹ máa bá lójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ gúúsù àti àríwá tó kàn.

Ẹ wo ìlú méjì. Seattle wà lókè pátápátá ní àríwá, kò jìnnà sí ààlà Kánádà. Flagstaff wà ní Arizona, ìpínlẹ̀ tó bá Mẹ́síkò pààlà. Ẹni tó bá ń fi gúúsù wọn ooru á ní Flagstaff ni kí a ti lo oṣù kọkànlá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi kì í sábà dì ní Seattle lóru oṣù kọkànlá, ooru ibẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4 tàbí 5 Celsius. Ní Flagstaff, òru tí omi kò bá dì nínú oṣù yẹn ló ṣọ̀wọ́n. Seattle wà létí omi, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Flagstaff fi ohun tó ju 2,100 mítà lọ ga ju ojú òkun.

Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gòkè ni ó ń fẹ̀, tó sì ń pàdánù ooru rẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, 1,000 mítà tí èèyàn bá gùn máa ń gba nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 Celsius kúrò nínú ooru. Nǹkan bí 330 mítà péré ni Phoenix ga, kò sì ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ láti ibẹ̀ dé Flagstaff lórí òpópónà I-17. Ẹ lè tan ẹ̀rọ amúlétutù ní Phoenix lọ́sàn-án oṣù kẹwàá, kí ẹ máa tú àpótí wá kóòtù kí ilẹ̀ tó ṣú, nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti sùn ní Jos rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Maiduguri wà ní àríwá ju Jos lọ, ooru ló sì ń pa wọ́n níbẹ̀, nígbà tí ará Jos ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń mú àwọn èèyàn wa jù ni orí I-40, òpópónà tó lọ láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n á wo máàpù, wọ́n á rí i pé I-80 wà lókè, I-40 wà nísàlẹ̀, wọ́n á ní ọ̀nà gúúsù rèé. Ọ̀nà gúúsù yẹn gba Albuquerque kọjá, ìlú tó ga ní nǹkan bí 1,600 mítà, ó sì tún gba àárín Flagstaff. Bí ẹ bá yà díẹ̀ lọ wo Santa Fe, ẹ ti dé olú ìlú ìpínlẹ̀ tó ga jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. New Mexico ló wà, ìpínlẹ̀ tóun náà bá Mẹ́síkò pààlà.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti ṣẹ̀. Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láti Kánádà àti láti àwọn ìpínlẹ̀ àríwá máa ń wa RV wọn lọ sí gúúsù láti sá fún òtútù, ó sì ń gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ń lọ dáadáa: Florida, àfonífojì odò Rio Grande ní Texas, Yuma àti Quartzsite ní Arizona. Nǹkan bí 40 mítà ni Yuma fi ga ju ojú òkun lọ, Quartzsite kò sì tó 300. Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ni wọ́n ń wá lọ. Gúúsù nìkan ni ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè rí.

Kàlẹ́ńdà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan á ní ìwọ́wé ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 22 oṣù kẹsàn-án, ìgbà òtútù kò sì ní wọlé títí di 21 oṣù kejìlá, nítorí náà kò séwu. Ìrìn oòrùn ni ọjọ́ méjèèjì yẹn ń sọ, wọn kò bá yìnyín ṣàdéhùn. Ní Denver, ní 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ooru tó nǹkan bí ìwọ̀n 34 Celsius. Lọ́jọ́ kejì, yìnyín ń já bọ́, nígbà tí ìwọ́wé inú kàlẹ́ńdà kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní South Dakota, ìjì yìnyín ńlá kan jà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2013, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá màlúù, nítorí orí pápá ìgbà ooru ni wọ́n ṣì wà, wọn kò sì tíì hu irun tó nípọn. Ìjọba Colorado ò dúró de kàlẹ́ńdà ní tiwọn. Láti 1 oṣù kẹsàn-án títí di 31 oṣù karùn-ún, òfin wọn lórí I-70 láàárín Dotsero àti Morrison ni pé táyà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè di yìnyín mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ gbé ṣéènì táyà dání. Lójú ọ̀nà yẹn ni ihò abẹ́ òkè Eisenhower wà, ní 3,401 mítà.

Ìpínlẹ̀ Wyoming náà ti kọ́gbọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la I-80 gba ẹ̀bá Elk Mountain, àwọn olóko ẹran tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà àtijọ́ tó yí gba Medicine Bow, torí afẹ́fẹ́ àti yìnyín ibẹ̀. Wọ́n la èyí tó yá. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 1970 ni wọ́n ṣí i, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí yìnyín fi tì í pa. Títí dòní, wọ́n ṣì máa ń ti ojú ọ̀nà náà mọ́ ọkọ̀ gíga tó fúyẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá le, kódà bí yìnyín kò bá sí. RV sì rèé, ó ga, ó fúyẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún afẹ́fẹ́ láti gbá.

Àwọn ọgbà ńlá ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ayé ń lọ wò náà ní àsìkò tiwọn. Trail Ridge Road ní Colorado, tó gòkè dé 3,713 mítà, sábà máa ń tì láàárín oṣù kẹwàá sí òpin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà Yellowstone máa ń tì mọ́ ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Going-to-the-Sun Road ní Glacier kò tiẹ̀ gba ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ ní àárín òkè, nígbàkígbà. Kí ọ̀nà tó tì pàápàá, ọ̀pọ̀ ibùdó tí RV ń sùn sí lórí òkè ti máa ń pa ẹ̀rọ omi wọn kí páìpù má baà bẹ́.

Páìpù yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, torí ibẹ̀ ni owó ti ń lọ. Omi tó bá dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ike kò sì lè gba ìwú yẹn mọ́ra. Lóru, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Láàárọ̀, ẹ óò ṣí ẹ̀rọ, omi ò ní yọ, rọ́bà tó ń fa omi wọlé láti ìta á ti gan bí igi. Ẹ óò rò pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn bá mú ọkọ̀ náà gbóná ni ẹ óò gbọ́ tí pọ́ǹpù ń kùn láìdúró, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ló wà ní títì. Pọ́ǹpù tó ń kùn bẹ́ẹ̀ ń sọ pé omi ń jò níbì kan: ó lè jẹ́ lábẹ́ sínkì, ó lè jẹ́ nídìí àga ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì lè jẹ́ abẹ́ pákó ilẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ háyà, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi.

Bí ẹ bá mọ̀ pé omi máa dì lóru, ẹ bu omi kún táǹkì ọkọ̀ lójú ọ̀sán, ẹ tú rọ́bà ìta, ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, ẹ fi pọ́ǹpù lo omi táǹkì, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ sínkì kí ooru lè wọ ibẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fa omi tán nínú páìpù, kí ẹ fi oògùn aláwọ̀ píńkì tí kì í jẹ́ kí páìpù dì (antifreeze), èyí tí wọ́n ń tà fún RV, rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ti ẹ́ńjìnnì mọ́tò dípò rẹ̀ láéláé, májèlé ni. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé gáàsì tó kún nìkan. Ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná ń fi iná bátìrì yí fáànù rẹ̀, bí bátìrì bá sì kú ní aago mẹ́rin ìdájí níbi tí kò síná, ẹ̀rọ náà á dúró pẹ̀lú gáàsì nínú. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń tan sítóòfù gáàsì láti fi yá iná. Jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Gúúsù tó rẹlẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀ ní ìwọ́wé. Àsìkò ìjì òkun Àtìláńtíìkì kì í parí títí di 30 oṣù kọkànlá. Ìjì Michael fọ́ Mexico Beach ní Florida ní 10 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Helene wọ Florida ní 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òjò rẹ̀ sì lọ wó I-40 sínú odò Pigeon ní North Carolina, jìnnà réré sí òkun, ní òkè tí àwọn èèyàn ń lọ wo ewé pípọ́n. Ó di oṣù kẹta ọdún 2025 kí wọ́n tó ṣí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fún àlọ àti àbọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣètò, ẹ kọ gíga ibi tí ẹ óò sùn sí ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ gíga òkè tó ga jù tí ẹ óò gbà kọjá lọ́jọ́ náà. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, lórí weather.gov, máa ń jẹ́ kí èèyàn tẹ ojú máàpù, kó sì rí àsọtẹ́lẹ̀ fún orí òkè náà gan-an. Ẹ má fi ti ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ lè pe 511 láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni bí ẹ ṣe tò ó. Àwọn tó ń gbéra láti Maryland tàbí Atlanta sábà máa ń rọra lọ, wọ́n á máa kí ẹbí láti ìlú dé ìlú, òkè Rocky á sì wá bọ́ sí ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ yí i padà. Ẹ sáré dé orí òkè ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kí ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ìkíni ẹbí sí ọ̀nà àbọ̀. Bí ewé pàápàá ṣe ń ṣe nìyẹn: ní òkè Great Smoky, ti orí òkè máa ń pọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ti àfonífojì á sì dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá.

Bí iṣẹ́ kò bá wá jẹ́ kí ẹ gbéra títí di ìparí oṣù kẹwàá, ẹ fi Yellowstone àti Glacier sílẹ̀ di oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀. Ẹ gba I-10 láti Houston lọ sí San Antonio, El Paso àti Tucson. Nǹkan bí 730 mítà ni Tucson ga, òru ibẹ̀ ní oṣù kọkànlá á béèrè suẹ́tà, àmọ́ páìpù yín kò ní sábà dì.