Ta ló ń lọ sójú omi lójoojúmọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí oníròyìn yìí ti kọ ọ́ pé àwọn apẹja kì í ronú ọ̀la, pé ojoojúmọ́ ṣáá ni wọ́n ń lọ sójú omi, ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Ta ló ń lọ lójoojúmọ́? Apẹja ni bàbá mi ní Ìlàjẹ, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kí wọ́n tó ti ọkọ̀ sómi wọ́n á ti ṣírò ẹ̀ dáadáa: epo tí ẹ́ńjìnnì máa mu lọ mu bọ̀ ńkọ́, ṣé òṣùpá ò mọ́lẹ̀ jù (torí ẹja máa ń rí àwọ̀n), afẹ́fẹ́ ńkọ́, owó ta ni wọ́n sì fi ra epo ọ̀hún gan-an? Ìyá tó ń yan ẹja ló sábà máa ń yá wọn lówó, òun náà ló sì máa kó ẹja yẹn, gbèsè yìí ló ń lé èèyàn jáde nígbà míì tójú ọjọ́ ò dáa.

Sà tó sọ níbí pé kí àwọn apẹja lọ sin ẹja àrọ̀, ẹ kú ìmọ̀ràn o 😂 Ṣé ẹ ti bèèrè iye tí àpò fíìdì (oúnjẹ ẹja) kan ń jẹ́? Ilẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ pọ́ńdù sí, Ayétòrò ní Ìlàjẹ tí òkun ń gbé ilé lọ? Ẹ bá wa bi àwọn tírọ́là (ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nínú òkun) ná, òfin 1992 ní wọn ò gbọ́dọ̀ pẹja láàárín máìlì òkun 5 àkọ́kọ́, síbẹ̀ wọ́n ń wọlé lóru wá fa àwọ̀n wa ya. Bí àbúrò bàbá mi ṣe pàdánù tiẹ̀ nìyẹn, kò ra òmíì mọ́, edé ló ń pa létí odò báyìí torí ìyẹn ò gba ẹ́ńjìnnì.