Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àmọ́ ihò eku kì í ṣe ẹyọ kan

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní "Àǹtí mi, mo fẹ́ padà wálé o, owó ilé fẹ́ẹ̀ pa mí níbí, wọ́n sì ti bá mi rí iṣẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákíẹ̀, 30,000 lóṣù, ṣé èèyàn lè fi ìyẹn gbé Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí?" Mi ò tíì lanu tí ìyá ẹ̀ tó jókòó tì mí fi já fóònù gbà, ó ní "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, máa bọ̀ nílé jàre."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ ó ń dùn mí bá a ṣe máa ń lo òwe yìí, torí ẹni tí ìyà bá ń jẹ la máa ń sọ ọ́ sí létí, bí ẹni pé ká ní kó lọ jókòó síbì kan kó má retí nǹkan kan mọ́. Òwe ò sọ bẹ́ẹ̀. Eku ò kọ́ ìtẹ́ kékeré torí pé ó ti gba kámú, ó kọ́ ọ níwọ̀n tí ooru ara ẹ̀ lè mú gbóná ni. Ẹni tó bá sì ti tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lọ gbẹ́ òkété rí á mọ nǹkan kejì: ẹ lè rí ojú ihò kan gbangba, kẹ́ ẹ fín in léèéfín, kẹ́ ẹ dúró tì í tọkọ́ tàdá, kí òkété ti gba ẹ̀yìn igi ọ̀ún lọ tipẹ́. Ìtẹ́ ẹ̀ ò tóbi, ihò ẹ̀ ló pọ̀. Ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn nìyẹn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ipò ẹ̀.

Èmi náà mọ owó kékeré. 2016 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní iléèwé àdáni kan nílùú yìí, 12,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, tó bá sì ti di oṣù kẹjọ tí iléèwé wà ní hólídè, wọn ò ní san kọ́bọ̀, wọ́n á ní a ò ṣiṣẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí mi mo sunkún. Mo ti jẹ gbèsè gàrí lọ́wọ́ ìyá kan ládùúgbò pẹ̀lú ìrètí owó oṣù tí kò ní wá, ojú ìyá yẹn ni mo wá ń sá fún, mo ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kọjá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ lórí rédíò ní 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ti sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000, tí ìjọba Ọ̀yọ́ ní àwọn á san 80,000 fún òṣìṣẹ́ tiwọn, wọ́n rò pé ó ti kan gbogbo wa. Òfin yẹn yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá tó 25 sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wo ní Tákíẹ̀ ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ẹ má fi owó tí wọn ò ní san fún yín ṣírò ayé yín.

Wọ́n á ní ìlú wa rọrùn, nǹkan ò wọ́n. Ohun tí ilẹ̀ wa bá hù ni kò wọ́n. Láfún, ẹ̀fọ́, ata lásìkò ẹ̀, máńgòrò tó ń jábọ́ lójú títì tí ẹnì kankan ò ṣà, ìyẹn rọrùn lóòótọ́. Yàrá náà rọrùn, 60,000 lèmi ń san lọ́dún, níbi tí ọmọ yẹn wà ní Ìbàdàn kò lè rí bálùwẹ̀ fi ìyẹn gbà. Àmọ́ ohunkóhun tó bá gun ọkọ̀ wá bá wa ò mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ lòun dé. Oògùn ibà, gáàsì, dátà, ọṣẹ, bùkù ọmọ, iye tí wọ́n ń tà á l'Ékòó náà ni, nígbà míì ó tún lé torí wọ́n ti ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rántí May 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, lítà kan tí kò tó 200 di 500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọlọ́kadà wa ò ní ká máa san owó ará oko, àtìgbà yẹn ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Torí ẹ̀, tí owó bá wọlé, ẹ má kọ́kọ́ ka ti oúnjẹ o, ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tó máa fi ìlú sílẹ̀, oògùn, ọkọ̀, gáàsì, dátà, ohun tó bá kù lẹ fi wọn ìtẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ ló ṣe é lódì, wọ́n jẹun dáadáa títí di ọjọ́ karùn-ún-dín-lógún, ibà dé, wọ́n wá ń wá ẹni tó máa yá wọn lówó.

Ibi tí owó gbọ́mú-lé-lántà, ìyẹn owó èlé tí àwọn ayánilówó ń yáni, ti ń rí èèyàn mú nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á, òjò ń rọ̀ o, ọmọ ń ṣàìsàn o, wọ́n á wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó sá kúrò nílé lóru torí 80,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àjọ ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ dá, owó ọjọ́ kan péré ni alájọ ń mú lóṣù, ìyẹn ò pa èèyàn, ẹ kàn rí i pé alájọ tẹ́ ẹ mọ ilé bàbá ẹ̀ ni.

Ní ti ihò míì, ìyẹn ọ̀nà míì tí owó lè gbà wọlé, oṣù kẹjọ tó pa mí lẹ́kún yẹn náà ló kọ́ mi. Oṣù yẹn ni àgbàdo tútù pọ̀ jù lọ́jà, ni mo bá gbé ìkòkò sójú títì, mo ń se àgbàdo tà, ojú tì mí lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ torí àwọn òbí ọmọ tí mò ń kọ́ ń kọjá, lọ́jọ́ kẹrin ọ̀kan nínú wọn ra ti 1,000, ojú ò tì mí mọ́. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, kajú ni. Ní Saturday mo máa ń bá wọn lọ ṣa kajú lọ́nà Ìkòyí-Ilé, oòrùn máa ń pa èèyàn, oje ẹ̀ máa ń bó ọwọ́, àmọ́ owó ọwọ́ ni, alágbàṣe kì í sùn dúró de òpin oṣù. Ẹni tó bá fẹ́ máa tajà fún stúdẹ́ǹtì LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ní àdúgbò Under-G, kó rántí pé tí wọ́n bá lọ hólídè, àdúgbò yẹn á dá páropáro, kó ti ní nǹkan míì nílẹ̀.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọmọ yẹn, ó dákẹ́, mo rò pé mo ti bà á lẹ́rù. Àná ló tún pè, ó ti rí yàrá kan lẹ́yìn Ṣábó, 50,000 lọ́dún, kànga wà nínú ọgbà, àyè díẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé tí onílé ní ó lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Mo ní kó má tíì sanwó, kó kọ́kọ́ bi àwọn ayálégbé ibẹ̀ bóyá kànga yẹn máa ń gbẹ tó bá di oṣù kejì.