Ta ló ní kẹ́ ẹ kùn ún?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta alùpùpù àtijọ́ l'Abẹ́òkúta yìí, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́ ọ̀dà?

Sátidé tó kọjá ni mo lọ gbé Honda CG125 kan tí mo ti san ₦50,000 àsansílẹ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Baba tó ni ín ti di olóògbé, ọmọ wọn ló ń tà á.

Ẹ̀yin àgbà mọ máṣíìnì tí mò ń wí. Ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ náà ni Honda gbé irú ẹ̀ jáde. Wọ́n ti rí i pé ibi bíi tiwa, a máa ń di ẹrù pa alùpùpù, a kì í sì í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì, ni wọ́n bá ṣe ẹ́ńjìnnì tó lè fara da ìyà, wọ́n fi páànù bo ṣéènì ẹ̀ nítorí iyanrìn. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ṣì mọ́ fi ṣọ̀wọ́n: wọ́n ti fi gbé iṣu, gbé gaàrí, gbé èrò mẹ́ta, títí ó fi di irin àlòkù.

Eléyìí mọ́. Baba ò fi ṣe ọ̀kadà rí. Ìyàwó wọn, alàdìrẹ, ni wọ́n máa ń fi gbé lọ sí Ìtòkú, tí wọ́n bá dé, wọ́n á fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ti ṣá bò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n ká aṣọ yẹn kúrò lórí ẹ̀ níṣojú mi, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Àwọ̀ pupa tó bá a dé ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táńkì méjèèjì nìkan ló ti ṣí, níbi tí orúnkún baba ti ń kàn án; irin ibẹ̀ ń dán bí ìkòkò tí wọ́n fi eérú fọ̀. Kíìkì kejì, ó dáhùn. Pátíkúlà ẹ̀ wà nínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n torí ẹ̀gbẹ́ táńkì yẹn ni mo ṣe sanwó.

Ìgbà tí mo padà dé, ó ń dán yinrin bí òkú olówó tí wọ́n tẹ́ sí gbàgede. Búlúù! Ọ̀dà mọ́tò, látorí táńkì dé sàlẹ́ńsà. Wọn ò tiẹ̀ yọ àmì ìyẹ́ Honda ara táńkì kí wọ́n tó fọ́n ọn.

Ọmọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, owó ara mi ni mo ná sí i o. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé nǹkan ìdọ̀tí lọ."

Mo pariwo. Mo ní kó dá owó mi padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé "ṣé kò sì dára bẹ́ẹ̀", ẹ lọ máa ra Bajaj tuntun yín. Ọ̀dà ò wọ́n lọ́jà. Ibi orúnkún yẹn ńkọ́, ibo lẹ ti fẹ́ rà á?

Ni Màmá bá jáde. Wọ́n fọwọ́ pa táńkì náà. "Ọmọ mi, má bínú. Èmi ni mo ní kó kùn ún. Ibi orúnkún baálé mi yẹn, mi ò fẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni jáde nílé yìí."

Mi ò rí nǹkan sọ.

Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Pẹ́ńtà kan ní Láfẹ́nwá ní bí wọn ò bá fi sáńpépà họ ọ́ jù, òun lè fi tínà fọ búlúù yẹn kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí pupa ìsàlẹ̀ jáde. Ọjọ́ kẹta rèé, mi ò tíì dá a lóhùn.