Kì í ṣe fóònù tí ẹ kò pa ni yóò mú bàálù já

Ẹni tó bá ti wọ bàálù láti Èkó lọ sí Àbújá rí yóò ti rí irú rẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ti ní kí kálukú pa fóònù, ẹnìkan ṣì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ni àwọn tó jókòó yí i ká bá fi ohùn líle sọ fún un pé kó má pa àwọn sí ojú sánmà. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí igbe yẹn ni pé fóònù kan ṣoṣo tó bá ṣì wà ní títàn lè da ẹ̀rọ tí awakọ̀ fi ń mọ ọ̀nà rú, kí ọkọ̀ sì já. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, awuyewuye lórí fóònù nínú bàálù kan tó ń ti Uyo bọ̀ ní Èkó di ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ, ìgbàgbọ́ yìí kan náà sì tún gba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn kan. Ẹni tó bá kọ̀ láti gbọ́ràn sí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ń rú òfin, n kò sì gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ ìdí tí àwọn èèyàn rò pé wọ́n fi ṣe òfin náà kọ́ ni ìdí rẹ̀.

Rédíò ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1961, nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì sí lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ kankan, FAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fòfin de rédíò FM kékeré nínú bàálù. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Rédíò kì í kàn gba ìgbì sínú, òun náà a máa tú ìgbì díẹ̀ síta, tirẹ̀ sì sábà máa ń fi megahertz 10.7 ga ju ti iléeṣẹ́ tí a ń gbọ́ lọ. Bí ẹ bá yí i sí Ray Power ní Èkó, tó wà lórí 100.5, ìgbì tí rédíò yín ń tú jáde yóò bọ́ sí 111.2. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín 108 sí 118 ni àwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà, títí kan èyí tó ń fi àárín gbùngbùn ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ hàn án, ti ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń wí. Nígbà tó di 1966, wọ́n fẹ òfin náà lójú kó lè kan àwọn ẹ̀rọ yòókù, àfi èyí tí adití fi ń gbọ́ràn, èyí tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù, ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, àti ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n. Láti ìgbà náà wá, ẹni tó bá fẹ́ fá irùngbọ̀n lókè òfuurufú kò ṣẹ òfin Amẹ́ríkà.

Òfin tó dá lórí fóònù gan-an wá láti ọwọ́ àjọ mìíràn. FCC, tó ń ṣàkóso ìgbì rédíò àti tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní 1991, ohun tó sì ń dáàbò bò kì í ṣe bàálù bí kò ṣe àwọn máàsì orí ilẹ̀. Máàsì mélòó kan tó wà nítòsí ló ń gbọ́ fóònù ẹni tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 30,000 lókè, kò sí òkè tàbí ilé tó dí fóònù rẹ̀ lójú mọ́, àìmọye máàsì ni yóò máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì máa dí àwọn tó ń pe ara wọn nílẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti rí ewu náà pẹ̀lú ojú ara wọn. Ní 1995, wọ́n ní kọ̀ǹpútà alágbèéká èrò kan ló mú kí ẹ̀rọ tó ń wa Boeing 737 fúnra rẹ̀ jáwọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Boeing ra kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ onítọ̀hún, wọ́n wọn ìgbì tó ń tú jáde, wọ́n sì rí i pé ó ju ìwọ̀n tí àwọn fàyè gbà lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà yẹn kan náà wọ ọkọ̀ yẹn kan náà, tí wọ́n fò ó lẹ́ẹ̀mejì, ohunkóhun kò ṣe ọkọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, bàálù kan tó gbéra ní Zurich já, èèyàn 10 kú, fóònù sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ohun tí àwọn olùwádìí rí nígbẹ̀yìn ni pé ojú ọ̀run ti dà rú mọ́ awakọ̀ lójú nínú òkùnkùn.

Ohun tó ń dáàbò bo bàálù kò ṣòro láti lóye. Àwọn tó ń kọ́ ọ mọ̀ pé yóò máa kọjá níwájú rédà àti òpó rédíò tí agbára wọn ju ti fóònù lọ fíìfíì, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi irin wé wáyà rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìgbì líle dán àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Láti oṣù kẹta ọdún 2008 ni Emirates ti gbà kí èrò máa fi fóònù pe ilé láti òkè. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2013, FAA gbà kí iléeṣẹ́ tó bá fi hàn pé ọkọ̀ òun lè gbà á máa jẹ́ kí èrò lo ẹ̀rọ wọn láti ìgbéra títí dé ìbalẹ̀, bó bá ti wà lórí airplane mode, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí fóònù bá máàsì sọ̀rọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, EASA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ìrìnnà òfuurufú ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní iléeṣẹ́ tó bá ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lè yọ airplane mode pàápàá kúrò.

N kò sọ pé ìgbì kò lè ṣe bàálù ní ohunkóhun rárá. Fóònù ayé àtijọ́ a máa dún gìrìgìrì nínú ẹ̀rọ tí awakọ̀ fi bo etí, bó ti máa ń dún nínú rédíò ilé kí ìpè tó wọlé, kò sì dára kí irú ariwo bẹ́ẹ̀ bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ láti ilẹ̀. Ní 2014, FAA pàṣẹ kí wọ́n pààrọ̀ ojú ẹ̀rọ kan níwájú awakọ̀ nínú bí 1,300 Boeing 737 àti 777, nítorí pé Wi-Fi mú kó ṣókùnkùn nígbà ìdánwò. Wọ́n rí àlébù, wọ́n sì tún un ṣe. Ti 5G tó dá ìjọngbọ̀n sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2022 yàtọ̀: máàsì tó wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń bẹ̀rù nígbà náà, pé ó lè da ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe jìnnà sílẹ̀ tó rú.

Bí ẹ bá wá ń wá ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù lára fóònù, bátìrì rẹ̀ ni. Bátìrì lithium tó bá fara gbọgbẹ́ lè gbiná, iná náà kì í sì í tètè kú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2025, iná jó Airbus kan tó ń múra láti gbéra ní Busan, ní ilẹ̀ South Korea. Gbogbo èèyàn 176 tó wà nínú rẹ̀ rí ọ̀nà jáde, àwọn olùwádìí sì sọ pé ó jọ pé power bank kan nínú àpótí òkè orí ló fà á. Láti oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n ti kà á léèwọ̀ níbẹ̀ pé kí èrò fi power bank sínú àpótí òkè orí, kó wà lára ẹni tó ni ín tàbí níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o. Nínú àwọn bàálù wa tí mo ń wọ̀, fóònù ni èrò ń pariwo lé lórí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè ibi tó fi power bank sí.